Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Dán Sáyẹ́ǹsì Wò Kó Tó Há A Sórí

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni a ti ń kọ lẹ́tà yìí, lórí ọ̀nà tí à ń gbà kọ́ àwọn ọmọ wa ní sáyẹ́ǹsì nílé ẹ̀kọ́ girama. A fẹ́ kí àwọn òbí àti àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa rí i kà kí sáà tuntun tó wọlé ní oṣù Kẹsàn-án.

Ẹ pe ọmọ JSS1 kan ní Tákìé tàbí ní Sábó, ẹ ní kó sọ ohun tí sáyẹ́ǹsì jẹ́. Yóò kà á fún yín láìdánudúró pé ìmọ̀ tí à ń rí nípa wíwo nǹkan àti dídán nǹkan wò ni. Ìdáhùn náà kò burú. Ẹ wá bi í pé kí ni òun alára ti dán wò rí, ẹnu rẹ̀ á wọhò. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a bọ̀ títí ọmọ fi ń dé SS3. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni kì í ṣílẹ̀kùn lábù àfi tí WAEC bá ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ìgbà náà ni wọ́n á nu eruku orí tábìlì, tí wọ́n á wá máa fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan lé práktíkà ọdún mẹ́ta bá. Ọmọ lè ti ibẹ̀ yege, kó gba A, kó wọ LAUTECH, síbẹ̀ kó má tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rí wá òótọ́ nǹkan.

Ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ọmọ ti ṣe àyẹ̀wò ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ JSS1, kí olùkọ́ tó kọ ìtumọ̀ kankan sójú pátákó, kí ọmọ náà sì kọ ohun tó rí sílẹ̀ gan-an bó ṣe rí i. Kò dìgbà tí a bá ní lábù.

Péńdúlọ̀ọ̀mù la máa ń gbani nímọ̀ràn láti fi bẹ̀rẹ̀. Òwú tí a so ohun tó wúwo díẹ̀ mọ́ kó lè máa fì ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Òwú ọ̀rá tí àwọn apẹja ń lò dára, òwú tí wọ́n fi ń rán bàtà náà dára. Ẹ má lo rọ́bà tàbí òwú tó ń fà, torí bó bá ṣe ń fì ni yóò máa gùn sí i. Ẹ tọrọ nọ́ọ̀tì mẹ́ta tó jọ tóbi bákan náà lọ́wọ́ mẹkáníìkì. Ẹ kan ìṣó sí àtẹ́rígbà ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ẹ má kàn so òwú kọ́ ìṣó lásán. Òwú tó bá ráyè yí mọ́ ìṣó yóò máa kúrú, yóò tún máa gùn, bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Igi pẹlẹbẹ méjì ni kí ẹ fi há a, kí ẹ wá kan igi náà mọ́ àtẹ́rígbà, kí ojú ibi tó ti ń fì má lè yẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn mítà 1 láti ìsàlẹ̀ igi yẹn dé àárín nọ́ọ̀tì. Àárín nọ́ọ̀tì la wí, ẹ má dúró síbi tí ẹ ta kókó sí.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ohun tó rò sínú ìwé rẹ̀. Bí a bá so nọ́ọ̀tì mẹ́ta mọ́ ọn dípò ẹyọ kan, ṣé yóò yára sí i ni, àbí yóò falẹ̀, àbí bákan náà ni yóò ṣe? Ọ̀pọ̀ ọmọ, àti ọ̀pọ̀ àgbà pẹ̀lú, ni yóò ní èyí tó wúwo ni yóò yára. Bí a bá wá dín òwú kù sí ìdajì ńkọ́? Wọ́n á ní ìdajì àkókò ni yóò gbà. Kò sí ohun tó burú nínú èrò méjèèjì, kí wọ́n ṣáà ti wà lákọsílẹ̀. Ẹni tí kò bá kọ èrò tirẹ̀ kó tó rí èsì, bó bá rí èsì tán, yóò ní òun ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀kọ́ náà á sì kọjá lórí rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án.

Ó yá, ẹ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kó má ju sẹ̀ńtímítà 15 lọ lórí òwú mítà 1, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ má tì í. Lílọ rẹ̀ àti bíbọ̀ rẹ̀ síbi tó ti gbéra ni ẹyọ kan. Ẹ ka 20, kí ẹ wo iye ìṣẹ́jú àáyá tó gbà. Yóò súnmọ́ 40.

Ọmọ tó bá gbọ́n yóò bèèrè ìdí tí a fi ní láti ka 20 nígbà tí ẹyọ kan náà wà níbẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kí a yìn ín fún ni. Ẹyọ kan kò ju ìṣẹ́jú àáyá 2 lọ, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ènìyàn máa ń pẹ́ tó nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kó tó tẹ aago. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan la wọ̀n, àṣìṣe ọwọ́ nìkan ti kó ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Tí a bá ka 20, àṣìṣe ọwọ́ kò pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n orí ìṣẹ́jú àáyá 40 ló wá pín sí, kò sì ju ìdá kan nínú 200 lọ mọ́. Èyí yóò yé ọmọ ọdún 11 dáadáa, ó sì wúlò fún un ju orúkọ àwọn ìgbésẹ̀ àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń há sórí lọ.

Ibi tí nǹkan ti sábà máa ń bàjẹ́ ni iye kíkà. Bí ọmọ bá ṣe jọ̀wọ́ nọ́ọ̀tì báyìí ni yóò ké “ení!”, tó bá fi máa ké “ogún”, 19 péré ló ti fì, aago á sì fi bíi 2 dín, yóò wà ní 38. “Òdo” ni kó ké nígbà tó bá jọ̀wọ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn á fà á jìnnà jù kó lè wuyì lójú. Bí wọ́n bá fà á tó ìdajì ọ̀nà sókè, aago á fi ìṣẹ́jú àáyá bíi 2 tàbí 3 lé ti tẹ́lẹ̀, torí fífì tó bá gbòòrò jù máa ń pẹ́ ju kékeré lọ.

Èyí tó ń tan olùkọ́ pàápàá jẹ ni ọ̀rọ̀ ìwúwo. Tí ẹ bá to nọ́ọ̀tì mẹ́ta léra wọn lórí òwú kan náà, àárín gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ti kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Gígùn òwú ti yí padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, àkókò náà á sì yí padà, kíláàsì á wá parí ọ̀rọ̀ sí pé ìwúwo ló fà á. Ẹ di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ tún mítà 1 wọ̀n dé àárín wọn, kí ẹ tó jọ̀wọ́ wọn. Nǹkan bí 40 náà ni yóò jẹ́. Níbí yìí ni ọmọ ti máa rí i pé bí a bá fẹ́ mọ ohun tí nǹkan kan ń ṣe, òun nìkan la gbọ́dọ̀ yí padà, kí gbogbo ìyókù dúró síbi tí wọ́n wà. Bí nǹkan méjì bá yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, kò sẹ́ni tó lè sọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú wọn.

Ẹ wá dín òwú kù sí sẹ̀ńtímítà 50. Èrò gbogbo kíláàsì ni pé yóò di 20. Nǹkan bí 28 ni wọ́n máa rí. Wọ́n á pariwo, wọ́n á ní àwọn ṣì í kà. Ẹ má ṣàlàyé ohunkóhun. Ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe. 28 náà ni. Ẹ ní kí wọ́n máa dín in kù títí wọ́n á fi rí 20, wọ́n á sì bá a ní sẹ̀ńtímítà 25. Ìdá kan nínú mẹ́rin òwú ló mú àkókò dé ìdajì. Ìgbà yìí ni kí olùkọ́ tó gbé ẹfun, kó sọ òfin náà, nítorí pé wọ́n ti fi ojú ara wọn rí ohun tí òfin náà ń sọ. Òfin yẹn kan náà, tó tún kan agbára tí ayé fi ń fa nǹkan, ló ń jẹ́ ká lè sọ, láìdé ibẹ̀, pé lórí òṣùpá, fífì 20 lórí òwú mítà 1 yóò gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 99, nítorí pé agbára tí òṣùpá fi ń fa nǹkan kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà ti ayé lọ.

Àwọn kan á ní ọmọ 60 ló wà ní kíláàsì, aago kan ṣoṣo ló sì wà. Ẹ pín wọn ní márùn-ún márùn-ún, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní òwú tirẹ̀, kí olùkọ́ di aago mú, kó ké “ó yá”, kó sì ké “ó tó” nígbà tí ìṣẹ́jú 1 bá pé. Iye fífì ni wọ́n máa kà. Mítà 1 yóò fì nǹkan bí 30, sẹ̀ńtímítà 50 nǹkan bí 42, sẹ̀ńtímítà 25 nǹkan bí 60. Aago ara ògiri tó ní ọwọ́ ìṣẹ́jú àáyá ti tó fún un.

Ọ̀rọ̀ tó ń dùn wá jù nìyí. Bí olùkọ́ bá ń fi ààmì “mú u” sí 40, tó ń fi “kò mú u” sí 38.6, ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni ọmọ máa rí kọ́ níbẹ̀: kí n wá ìdáhùn tí ọ̀gá fẹ́, kí n kọ ọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì gbogbo ìwé kíláàsì á ti di 40.0, 40.0, 40.0. Àyẹ̀wò òtítọ́ kì í rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòótọ́ yóò rí nǹkan bíi 40.2, 39.8, 40.3, nítorí pé ọwọ́ ènìyàn kì í ṣe irin. Ìyàtọ̀ kékeré yẹn gan-an ló ń fi hàn wá bí a ṣe lè gbọ́kàn lé èsì náà tó. Kí olùkọ́ tó bá rí 38.6 bi ọmọ léèrè bó ṣe kà á, kó wo ibi tó ti wọn òwú. Ní sẹ̀ńtímítà 25, bí ọmọ bá fi sẹ̀ńtímítà 2 péré ṣi òwú wọ̀n, aago á fi bí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan yẹ̀. Lórí mítà 1, ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ni. Nítorí náà ni òwú kúkúrú ṣe ń fìyà jẹ aláìfiyèsí. Ọmọ tó bá wá ibi tí àṣìṣe rẹ̀ ti wọlé, tó rí i, ti ṣe iṣẹ́ onísáyẹ́ǹsì lọ́jọ́ náà ju ẹni tó kọ 40 lọ.

Fún kẹ́mísírì, ẹ lọ sí Ọjà Ìgbò, ẹ ra ìṣápá pupa tí wọ́n fi ń ṣe zobo. Ẹ da ẹ̀kúnwọ́ kan sínú omi gbígbóná ìdajì lítà, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, ẹ sẹ́ ẹ, kó tutù. Ẹ fi omi là á títí tí ẹ óò fi lè rí ìka yín láti òdìkejì ife. Bó bá ki jù, àwọ̀ rẹ̀ á yí padà, ojú kò ní rí i. Ẹ bu iye kan náà sínú ife funfun márùn-ún. Ẹ má fi ohunkóhun sí ọ̀kan, òun ni a ó máa fi àwọn tó kù wé. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ìkejì, ẹ bu omi lásán sí ìkẹta, omi ọṣẹ ìfọṣọ sí ìkẹrin, omi eérú tí a ti sẹ́ sí ìkarùn-ún. Ti ọsàn á pọ́n yòò. Ti eérú á di àwọ̀ ewé tàbí kó jọ àwọ̀ aró, bó bá sì le jù, yóò di àwọ̀ ìyeyè.

Bí ti eérú kò bá yí padà, ẹ má tíì sọ pé kò ṣiṣẹ́. Zobo fúnra rẹ̀ kan. Omi eérú ní láti kọ́kọ́ pa kíkan yẹn kó tó lè yí àwọ̀ padà, nítorí náà ẹ fi kún un díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa ka iye ṣíbí. Ṣíbí tí a kò ṣàn lẹ́yìn ife kan máa ń ba ife kejì jẹ́. Zobo tí wọ́n ti sè fún títà kò wúlò, torí wọ́n ti fi ọ̀pẹ̀yìnbó àti nǹkan mìíràn sí i. Ẹ má lo ọṣẹ dúdú, nítorí àwọ̀ ara rẹ̀ á bo èyí tí à ń wá. Ẹ ṣọ́ra fún omi eérú tó le: ó ń jẹ ara, ó sì léwu fún ojú. Kí ọmọ kankan má tọ́ ọ wò.

Àwọn ìyá wa aláró ní Ọ̀yọ́ àti ní Òṣogbo mọ agbára omi eérú tipẹ́. Àwọn ló ń gbé ìkòkò tó nihò nídìí lé orí òmíràn, tí wọ́n ń da omi sórí eérú kó máa kán wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Dídán wò ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, ìmọ̀ gidi sì ni. Ohun tí a fẹ́ kí ọmọ fi kún un ni wíwọ̀n àti kíkọ sílẹ̀, kí ẹlòmíràn tí kò mọ̀ wá rí lè tún un ṣe kó rí ohun kan náà, tàbí kó rí òdìkejì rẹ̀ kó sì fi hàn pé a ṣì í.

Fífi hàn pé ènìyàn ṣì í yẹn ṣe pàtàkì. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn dókítà gbogbo àgbáyé gbà pé ìrònú àti omi kíkan inú ló ń fa ọgbẹ́ inú, èyí tí à ń pè ní ọ́sà. Níhìn-ín, a ṣì máa ń sọ pé àìtètè jẹun ni. Ní ìlú Perth ní Ọsirélíà, Robin Warren ń rí kòkòrò bakitéríà kan tó lọ́ lára àwọn ẹran inú tí wọ́n gé láti wò. Barry Marshall dara pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n gbìyànjú láti mú kòkòrò náà hù nínú àwo, kò hù. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ń dúró kí wọ́n tó da àwo nù. Nígbà tí ọdún Àjíǹde 1982 dé, wọ́n fi àwọn àwo kan sílẹ̀ di ọjọ́ bíi márùn-ún nítorí ìsinmi. Ìgbà tí wọ́n dé ni wọ́n bá a tó ti hù. Kòkòrò tó ń lọ́ra hù ni, ọjọ́ méjì kò tó o. Ọ̀pọ̀ kò gbà wọ́n gbọ́. Ní 1984, Marshall mu kòkòrò náà, awọ inú ikùn rẹ̀ sì wú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Èyí nìkan kò tó ẹ̀rí, torí ènìyàn kan ṣoṣo ni, awọ inú wíwú kì í sì í ṣe ọgbẹ́. Ohun tó yanjú rẹ̀ ni pé àwọn dókítà ní orílẹ̀-èdè mìíràn tún un yẹ̀ wò lára ọ̀pọ̀ aláìsàn, wọ́n rí i pé àwọn tí wọ́n fún ní oògùn tó pa kòkòrò náà, ọgbẹ́ wọn jinná, kì í sábà padà wá. Ní 2005 ni wọ́n fún àwọn méjèèjì ní Ẹ̀bùn Nobel. Lónìí a mọ̀ pé kòkòrò yìí, Helicobacter pylori, ló ń fa púpọ̀ nínú ọgbẹ́ inú, pé oògùn ìrora bíi ibuprofen náà sì ń fà á. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé kò sí ìtìjú fún sáyẹ́ǹsì nínú ìyípadà yìí. Ẹ̀rí tuntun ló dé, wọ́n sì tẹ̀ lé e.

Bákan náà ni kí a ṣe kọ́ wọn láti gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbo. Bí ẹnìkan bá ní àgbo òun ń wo ibà, ọ̀rọ̀ tó ṣeé yẹ̀ wò ni, kí a má fi ṣẹ̀sín. Tu Youyou ará Ṣáínà gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò, ó rí i pé bí wọ́n bá fi iná se ewé tí wọ́n fi ń wo ibà níbẹ̀, agbára rẹ̀ ń lọ. Ìgbà tó lo ọ̀nà tí kò gbóná ní 1971 ló tó rí ohun tó ń pa ibà, èyí tí wọ́n fi ń ṣe oògùn ibà ACT tí à ń lò nílé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń tà á bá ní ó ń wo gbogbo àìsàn, pé tí kò bá sì ṣiṣẹ́, aláìsàn ló ṣẹ̀, kò sí àyẹ̀wò tó lè fi hàn láé pé irọ́ ni, kò sì sí bí a ṣe lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ọmọ JSS1 tó ti fi ojú rẹ̀ rí 28 níbi tó ti ń retí 20 yóò mọ ìyàtọ̀ àárín ọ̀rọ̀ méjèèjì.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá mú ìwé wálé tí èrò àkọ́kọ́ rẹ̀ kò bá èsì mu, ẹ má bá a wí. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ẹ fún ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní píríọ́dù méjì tó tẹ̀ léra lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, torí ìṣẹ́jú 40 máa ń tán nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ so òwú tán.

Ní ti máàkì, èyí ni a dábàá fún àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan lórí 10: máàkì 2 fún èrò tí ọmọ kọ kó tó bẹ̀rẹ̀, ì báà tọ̀nà, ì báà má tọ̀nà, 3 fún èsì ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tó tò sínú tábìlì pẹ̀lú òṣùwọ̀n wọn, 2 fún sísọ ohun tó yí padà àti ohun tó mú dúró, 2 fún àlàyé ibi tí èsì ti yàtọ̀ sí èrò rẹ̀, 1 fún ohun tó tún fẹ́ yẹ̀ wò. A kò fi máàkì kankan sí i pé ó rí 40.

Tiyín ni tòótọ́,
Olùkọ́ físíìsì kan àti olùkọ́ kẹ́mísírì kan,
Ògbómọ̀ṣọ́, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.